Abúlé Wo Ló Ti Kúrò? Bí A Ṣe Ń Tọpa Ìdílé Tó Ti Jámánì Ṣí Lọ sí Amẹ́ríkà

Nínú ìwé ìkànìyàn Amẹ́ríkà, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni akọ̀wé sábà máa ń kọ síwájú orúkọ ẹni tó ti Jámánì wá: "Germany". Ẹni tó ń wá ìran rẹ̀ á mú ọ̀rọ̀ yẹn, á tẹ orúkọ baba ńlá rẹ̀ sórí íntánẹ́ẹ̀tì, á rí Johann Müller lọ jàra, á mú èyí tí ọjọ́ orí rẹ̀ jọ ti ẹni tó ń wá, á sì so ó mọ́ ìdílé rẹ̀. Láti ọjọ́ náà lọ, ìran oníran ló ń tọ̀.

Ohun tó ń fa àṣìṣe yìí ni pé kò sí ibì kan ní Jámánì tí wọ́n kó ìwé ìbí, ìgbéyàwó àti ikú gbogbo orílẹ̀-èdè jọ sí. Ìjọ kọ̀ọ̀kan ló kọ́kọ́ ń kọ tirẹ̀, ìjọba ìbílẹ̀ wá gbà á ṣe lẹ́yìn náà. Bí àlejò bá dé Ìbàdàn tó ní òun ń wá ilé Àlàbí, wọn á bi í pé Àlàbí agbo ilé wo. Bí ọ̀rọ̀ Jámánì náà ṣe rí gan-an nìyẹn. Bí ẹ kò bá mọ orúkọ abúlé, ẹ kò lè mọ ìwé tí ẹ ó ṣí. Ìdí nìyí tí èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà fi wà nínú ìwé Amẹ́ríkà. Ohun kan ṣoṣo la sì ń wá nínú gbogbo wọn: abúlé wo ló ti kúrò?

Jámánì kí ó tó di Jámánì

Ọdún 1871 ni Jámánì ṣẹ̀ṣẹ̀ di orílẹ̀-èdè kan. Kí ó tó dìgbà náà, ọba àti ìjòyè tó ju ọgbọ̀n lọ ló pín ilẹ̀ náà mọ́wọ́, olúkúlùkù pẹ̀lú òfin tirẹ̀: Prussia, Bavaria, Saxony, Hannover, Württemberg, Baden, Mecklenburg, Hesse tó pín sí méjì, àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ jẹ́ ká mú ọkùnrin kan tí akọ̀wé ìkànìyàn bá nílé rẹ̀ ní Ohio. Ní 1860, ó ní Hannover ni wọ́n ti bí òun. Ní 1870, Prussia ni wọ́n kọ. Ní 1900, Germany ni. Ẹni tó ń wá a á rò pé ènìyàn mẹ́ta ni, bẹ́ẹ̀ ọ̀kan náà ni, kò sì purọ́ lẹ́ẹ̀kankan. Prussia ló gba Hannover ní 1866. Abúlé rẹ̀ kò kúrò lójú kan, ọba tó ń sìn ló yí padà. Ẹ má ṣe ju irú ìyàtọ̀ bẹ́ẹ̀ nù, nítorí ó wúlò. Ó ti yọ Bavaria, Baden àti Saxony kúrò nínú ibi tí ẹ ó máa wá a dé.

Àwọn orúkọ kan sì wà tó ń tan ènìyàn jẹ. Hesse-Darmstadt jẹ́ orúkọ ìjọba odidi, nítorí náà ẹni tí wọ́n kọ "Darmstadt" fún lè má tẹsẹ̀ bọ ìlú Darmstadt rí láyé rẹ̀. Baden náà ìjọba ni. Bí ẹ bá rí "Bremen" tàbí "Hamburg", ẹ rántí pé ó lè jẹ́ èbúté tó ti wọkọ̀ ni wọ́n kọ, kì í ṣe ilé rẹ̀. Apá tó pọ̀ jù nínú Pomerania àti Silesia, pẹ̀lú Posen, wà ní Poland lónìí, orúkọ àwọn ìlú ibẹ̀ sì ti yí padà: Stettin ti di Szczecin, Breslau ti di Wrocław. Alsace wà ní France. Àwọn tí wọ́n kọ "Russia" fún, ṣùgbọ́n tó jẹ́ pé èdè Jámánì ni wọ́n ń sọ nínú ilé, lè jẹ́ ọmọ àwọn àgbẹ̀ tí Ọbabìnrin Catherine ké sí wá sí ẹ̀bá odò Volga láti 1763.

Ìwé ìjọ kí ó tó kan ìwé ọkọ̀

Ìwé àwọn èrò ọkọ̀ ojú omi ló máa ń wu ènìyàn jù láti kọ́kọ́ wá. Àmọ́ nínú èyí tí Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí gbà lọ́wọ́ àwọn ọ̀gákọ̀ láti 1820, kò sábà sí ju orúkọ, ọjọ́ orí, iṣẹ́ àti orúkọ ìjọba lọ. Ìwé ìjọ ló yẹ kó ṣíwájú. Àlùfáà ìjọ Lúútà, Reformed (ìjọ Pùròtẹ́sítáǹtì mìíràn) tàbí Àgùdà tó ń ṣiṣẹ́ láàárín àwọn ará Jámánì ní Pennsylvania, Missouri tàbí Wisconsin sábà máa ń jẹ́ ará Jámánì fúnra rẹ̀. Ó mọ bí wọ́n ṣe ń kọ orúkọ abúlé, ó sì mọ̀ pé orúkọ náà ṣe pàtàkì. Bó bá ń kọ ìgbéyàwó tàbí ìsìnkú sílẹ̀, ó sábà máa ń fi ibi tí wọ́n ti bí onítọ̀hún sí i. Ọ̀rọ̀ tí ojú yín yóò máa wá ni "geboren in" (tí wọ́n bí ní), "gebürtig aus" (ọmọ bíbí ibì kan), tàbí "aus" (láti) lásán tí orúkọ kan tẹ̀lé.

Ẹ má wo ìwé ẹnì kan ṣoṣo. Ẹ ka ìsìnkú ìyàwó, ìgbéyàwó àbúrò, ìsàmì gbogbo ọmọ, kí ẹ sì kọ orúkọ àwọn onígbọ̀wọ́ ọmọ sílẹ̀. Àwọn ará Jámánì kì í sábà dá ṣí. Ẹnì kan á kọ́kọ́ lọ, á kọ lẹ́tà sílé, àbúrò, àna àti ọmọ àdúgbò á tẹ̀lé e, wọn á sì tún jọ gba ilẹ̀ sí ìtòsí ara wọn. Bí ìwé baba ńlá yín kò bá sọ nǹkan kan, ìwé onígbọ̀wọ́ ọmọ rẹ̀ lè sọ ọ́, kó sì jẹ́ abúlé kan náà ni wọ́n ti wá.

Ìwé ìsìnkú ní ìṣúra mìíràn tí àwọn ènìyàn máa ń fojú fò. Dípò ọjọ́ ìbí, àlùfáà máa ń kọ iye ọdún, oṣù àti ọjọ́ tí olóògbé lò láyé. Wọ́n máa ń gbẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀ sára òkúta ibojì náà. Ká ní ẹ rí i pé ó kú ní ọjọ́ 20, Oṣù Kọkànlá, 1871, "alt 63 Jahre 4 Monate 9 Tage". Ẹ kọ́kọ́ yọ ọdún 63, ẹ ó dé ọjọ́ 20, Oṣù Kọkànlá, 1808. Ẹ yọ oṣù 4, ó di ọjọ́ 20, Oṣù Keje. Ẹ yọ ọjọ́ 9, ó di ọjọ́ 11, Oṣù Keje, 1808. Ọjọ́ yìí ni ẹ ó gbé lọ bá ìwé ìsàmì ní Jámánì. Ó lè yẹ̀ ní ọjọ́ kan tàbí méjì nítorí bí oníkálukú ṣe ń ka oṣù, èyí kò burú.

Lẹ́yìn ìwé ìjọ, ẹ wá ìkéde ikú nínú àwọn ìwé ìròyìn èdè Jámánì tí wọ́n ń tẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Chronicling America, ìkànnì ìwé ìròyìn àtijọ́ ti Library of Congress, ní púpọ̀ nínú wọn lọ́fẹ̀ẹ́. Ìkéde tí ọmọ fi sínú ìwé ìròyìn Gẹ̀ẹ́sì lè sọ pé "Germany" lásán, kí èyí tó wà nínú ti Jámánì lọ́sẹ̀ kan náà dárúkọ abúlé. Bí baba ńlá bá jagun abẹ́lé Amẹ́ríkà láàárín 1861 sí 1865, ìwé owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ lè wà ní National Archives, ilé tí ìjọba Amẹ́ríkà ń kó ìwé àtijọ́ pa mọ́ sí, ó sì máa ń nípọn, nítorí opó ọmọ ogun ní láti fi ẹ̀rí ìgbéyàwó àti ọjọ́ ìbí àwọn ọmọ hàn.

Ti ìwé dídi ọmọ Amẹ́ríkà, ọjọ́ kan ló pín in sí méjì: 27 Oṣù Kẹsàn-án, 1906. Láti ọjọ́ náà, ìjọba àpapọ̀ gbé fọ́ọ̀mù kan náà fún gbogbo ilé ẹjọ́, fọ́ọ̀mù ọ̀hún sì ń béèrè ibi ìbí àti ọkọ̀ tó gbé onítọ̀hún dé. Kí ó tó dìgbà náà, ilé ẹjọ́ èyíkéyìí ló lè ṣe é, ọ̀pọ̀ kò sì kọ ju pé ẹni náà kò sin ọba Prussia mọ́. Bó ti wù kó rí, ẹ wá ìwé àkọ́kọ́, èyí tí ènìyàn fi ń kéde èrò rẹ̀ lọ́dún díẹ̀ ṣáájú ìwé ìkẹyìn. Ó sábà máa ń sọ̀rọ̀ jù ú lọ. Ilé ẹjọ́ tó ti ṣe é lè wà ní ìlú tó ti sọ̀ kalẹ̀, kì í ṣe ibi tó parí ayé rẹ̀ sí. Ẹ má ṣe wá ti ìyàwó lọ títí: láti 1855 títí di 1922, obìnrin tó bá fẹ́ ọmọ Amẹ́ríkà ti di ọmọ Amẹ́ríkà nípasẹ̀ ọkọ rẹ̀, kò sí ìwé tirẹ̀ lọ́tọ̀.

Ìwé ìkànìyàn kò ní sọ abúlé, àmọ́ ó ń sọ ọdún tí ẹ ó máa wá. Ti 1900 dára jù: ó ní oṣù àti ọdún ìbí, ọdún tó wọ Amẹ́ríkà, àti bóyá ó ti di ọmọ ìlú: "Na" fún ẹni tó ti di ọmọ ìlú, "Pa" fún ẹni tó ti gba ìwé àkọ́kọ́, "Al" fún àlejò. Ti 1890 ti bàjẹ́ tán, àfi díẹ̀, nínú iná tó jó ní Washington ní 1921.

Orúkọ tó ń yí padà

Ìtàn kan wà tó ti tàn kálẹ̀ pé àwọn òṣìṣẹ́ Ellis Island, ibi tí wọ́n ti ń gba àwọn àjèjì wọlé ní New York, ló ń yí orúkọ àwọn ènìyàn padà. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ìwé tí wọ́n ti kọ ní èbúté tí ọkọ̀ ti gbéra ni wọ́n ń wò láti dárúkọ èrò kọ̀ọ̀kan. Ellis Island pàápàá kò ṣí kí ó tó di 1892, nígbà tí ọ̀pọ̀ ará Jámánì ti wọlé tán. Àwọn tó ń jẹ́ orúkọ náà fúnra wọn, olùkọ́ ọmọ wọn àti akọ̀wé tó ń fi etí Gẹ̀ẹ́sì gbọ́ wọn ló yí i padà díẹ̀díẹ̀. Müller di Miller, Schneider di Snyder, Jung di Young. Àwọn mìíràn túmọ̀ tiwọn: Zimmermann di Carpenter, Schwarz di Black.

Bí ẹ bá ń wá orúkọ nínú àtòpọ̀, ẹ gbìyànjú b àti p, d àti t, g àti k ní ipò ara wọn. Ní gúúsù Jámánì, àwọn lẹ́tà wọ̀nyí fẹ́rẹ̀ẹ́ dún bákan náà lẹ́nu. Diefenbach àti Tiefenbach lè jẹ́ ilé kan náà. Ẹ tún mọ̀ pé ü máa ń di ue, u tàbí i. Obìnrin tó wà nínú ìwé àtijọ́ bíi "Schäferin" ń jẹ́ Schäfer. "-In" tó wà lẹ́yìn rẹ̀ kàn ń sọ pé obìnrin ni.

Orúkọ àkọ́kọ́ ló tún ń da ènìyàn láàmú jù. Wọ́n lè sọ gbogbo ọmọkùnrin inú ilé kan ní Johann: Johann Georg, Johann Peter, Johann Heinrich. Ẹni tó ti rí bí ọmọ Yorùbá ṣe ń gba orúkọ mẹ́rin márùn-ún lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ, tó sì jẹ́ pé ọ̀kan péré ni wọ́n ń pè é nínú ilé, yóò tètè lóye èyí. Orúkọ tí wọ́n ń pe ọmọ gan-an ni Jámánì ń pè ní Rufname, èkejì ló sì sábà máa ń jẹ́. Henry tó kú ní Cincinnati lè wà nínú ìwé ìsàmì ní Johann Heinrich, kí ó sì jẹ́ Heinrich lásán nínú ìwé ọkọ̀. Ní Westphalia, ọkùnrin tó bá fẹ́ arólé oko máa ń gba orúkọ oko náà. Ẹ ó rí ọ̀rọ̀ "genannt" (tí wọ́n ń pè ní) láàárín orúkọ méjèèjì. Ní Bavaria àti Mecklenburg, òfin kì í jẹ́ kí tálákà tètè gbéyàwó, nítorí náà ọ̀pọ̀ ọmọ ni wọ́n bí ṣáájú ìgbéyàwó tí wọ́n sì kọ lórúkọ ìyá. Bí ẹ bá wá ọmọ lórúkọ bàbá tí ẹ kò rí i, ẹ tún un wá lórúkọ ìyá.

Ọkọ̀, lẹ́yìn náà máàpù

Àwọn tó gba Hamburg kọjá ni wọ́n lóríire jù, nítorí ìwé èrò ọkọ̀ Hamburg láti 1850 sí 1934 ṣì wà, ibi tí èrò ti ń gbé sì wà nínú rẹ̀. Oríṣi méjì ni: ti àwọn tó lọ tààrà, àti ti àwọn tó gba Hull tàbí Liverpool ní Ìlú Ọba kọjá. Ẹ wo méjèèjì. Bremen gbé èrò púpọ̀ gan-an, ṣùgbọ́n nítorí àìsí àyè ni wọ́n ṣe ń da ìwé tó bá ti lé ní ọdún mẹ́ta nù láàárín 1875 sí 1908, Ogun Àgbáyé Kejì sì pa púpọ̀ nínú èyí tó kù run. Àwọn ti 1920 sí 1939 ló ṣẹ́kù níbẹ̀. Bí èèyàn yín bá gba Bremen kọjá ní 1868, ẹ má fi oṣù mẹ́fà wá ohun tí kò sí. Ọ̀pọ̀ àwọn ará gúúsù gba èbúté Le Havre ní France tàbí Antwerp ní Belgium.

Bí ẹ bá ti rí orúkọ tó jọ ti abúlé, ẹ lọ wò ó nínú Meyers Orts, ìwé atọ́ka ìlú Jámánì tó jáde ní 1912, tó sì wà lọ́fẹ̀ẹ́ lórí meyersgaz.org. Orúkọ ibi tó wà nínú rẹ̀ ju 200,000 lọ. Neukirchen àti Neustadt pọ̀ níbẹ̀ ju kí ènìyàn dá a mọ̀ lójú kan. Ìjọba tí ẹ rí nínú ìkànìyàn ni ẹ ó fi yọ ọ̀kan. Nǹkan méjì ni kí ẹ wá nínú àlàyé abúlé náà: "StdA", ọ́fíìsì tó ń forúkọ ìbí sílẹ̀, àti "Pfk", ṣọ́ọ̀ṣì ìjọ. Bí "Pfk" kò bá sí, abúlé náà kò ní ṣọ́ọ̀ṣì tirẹ̀, inú ìwé ìjọ ìlú mìíràn ni wọ́n ti ń kọ àwọn ọmọ ibẹ̀. Níbí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń sọ pé ìwé ti sọnù, bẹ́ẹ̀ ìwé wà ní máìlì méjì sí wọn.

Kíka ìwé àlùfáà

Ìforúkọsílẹ̀ ìjọba bẹ̀rẹ̀ ní Prussia ní 1 Oṣù Kẹwàá, 1874, ó sì kan gbogbo Jámánì ní 1 Oṣù Kìn-ín-ní, 1876. Àwọn tó ṣí lọ kí ó tó dìgbà náà, ìwé ìjọ ló ni wọ́n, àfi ní apá ìwọ̀ oòrùn odò Rhine, níbi tí France ti bẹ̀rẹ̀ ìforúkọsílẹ̀ tirẹ̀ ní 1798. Ìwé ìjọ Àgùdà púpọ̀ wà lọ́fẹ̀ẹ́ lórí ìkànnì Matricula. Ti Lúútà àti Reformed wà lórí ìkànnì Archion, owó ni wọ́n sì ń gbà níbẹ̀. Ìkànnì FamilySearch ní ti méjèèjì, ṣùgbọ́n àwòrán ìwé kan wà tí wọn kò ní jẹ́ kí ẹ ṣí nílé, àfi ní ilé ìkàwé tó bá wọn dòwò pọ̀.

Àfọwọ́kọ wọn ni Kurrent, ó sì le fún ojú tuntun. Lẹ́tà e rí bí n. Lẹ́tà u rí bí n náà, àmọ́ ó ní ìlà kékeré tó tẹ̀ lórí, ìlà yẹn ni ẹ fi ń mọ̀ ọ́n. Lẹ́tà s gígùn àti h sọ̀ kalẹ̀ sísàlẹ̀ ìlà bákan náà. Ọ̀nà tó rọrùn jù ni kí ẹ fi ọwọ́ ara yín kọ orúkọ ìdílé náà ní Kurrent sórí bébà, ní ẹ̀ẹ̀mẹwàá, kí ẹ sì máa wá àwòrán ọ̀rọ̀ náà dípò kí ẹ máa ka lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Ẹ lè rí ìlà kan bí èyí: "Den 14ten März ist geboren und den 17ten getauft Johann Heinrich, ehelicher Sohn des Ackermanns". Ọjọ́ kìíní ti ìbí ni, èkejì ti ìsàmì, "ehelich" ni pé àwọn òbí ti ṣègbéyàwó, "Ackermann" ni àgbẹ̀. Orúkọ bàbá ló tẹ̀lé e, lẹ́yìn náà orúkọ ìyá pẹ̀lú "geborene" tó ń ṣíwájú orúkọ ilé bàbá rẹ̀, kí àwọn onígbọ̀wọ́ tó parí rẹ̀. "7ber" kì í ṣe oṣù keje, Oṣù Kẹsàn-án ni. "8ber" ni Oṣù Kẹwàá, "Xber" ni Oṣù Kejìlá.

Bí ẹ bá fẹ́ kọ lẹ́tà sí ọ́fíìsì ní Jámánì, ẹ kọ ọ́ ní èdè Jámánì, kí ó kúrú, kí ẹ béèrè ìwé kan ṣoṣo pẹ̀lú orúkọ àti ọjọ́. Òfin wọn kò ní jẹ́ kí gbogbo ayé rí ìwé ìbí tí kò tíì pé ọdún 110, ìgbéyàwó tí kò tíì pé 80, tàbí ikú tí kò tíì pé 30, àfi kí ẹ fi ẹ̀rí hàn pé ọmọ onílé ni yín.

Ó wá ku kí ẹ mọ̀ pé ọmọ tí ẹ rí ni tiyín lóòótọ́. Pé orúkọ àti ọdún bára mu kò tó. Ọmọkùnrin méjì lè jẹ́ Johann Heinrich nínú abúlé kan náà lọ́dún kan náà. Ẹ wo ẹ̀gbẹ́ ìlà ìsàmì náà bóyá àlùfáà fi àgbélébùú kékeré † sí i, èyí tó máa ń sọ pé ọmọ náà ti kú. Bí kò bá sí, ẹ ṣì gbọ́dọ̀ ka ìwé ìsìnkú láti ọdún ìbí rẹ̀ lọ títí di ọdún tó yẹ kó ti ṣí. Ọmọ kékeré kú púpọ̀ nígbà náà, wọ́n sì máa ń fún àbúrò ní orúkọ ẹ̀gbọ́n tó kú. Ẹ wo ìwé ìgbéyàwó pẹ̀lú: ẹni tó gbéyàwó nínú abúlé náà ní 1855 kò lè jẹ́ ẹni tó ra oko ní Missouri ní 1852. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé orúkọ àwọn àbúrò, ti ìyá àti ti àwọn onígbọ̀wọ́ kalẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tí ẹ ti kọ ní Amẹ́ríkà. Ẹ sì fara balẹ̀ wo etí ojú ìwé náà, nítorí àwọn àlùfáà kan máa ń kọ ọ̀rọ̀ méjì síbẹ̀ bí ọmọ ìjọ wọn bá ti lọ: "nach Amerika".